Íàpíìsì Olówó Pọ́ọ́kú: Etí Ni Kí Ó Dájọ́, Kì í Ṣe Páálí

Ní Farm Centre ní ìlú Kánò, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti ohun èlò rẹ̀ bí ẹni ń ta ẹ̀pà, íàpíìsì rọ̀ jọwọrọ níwájú ìsọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹja kọ́ sókè iná. Òmíràn wà nínú páálí dídán, òmíràn wà nínú ọ̀rá lásán. Òmíràn kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan lọ, òmíràn tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo wọn ni olùtajà ń búra sí pé ojúlówó ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ kékeré tí à ń kì bọ etí yìí rí.

Irú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni télọ̀ kan tí ó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, tí ó gba yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Sábọ́ọ̀n Gàrí. Ní ọ̀sán, ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo níwájú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Ní alẹ́, ó fẹ́ gbọ́ ètò rédíò láti ilé, tàbí àwo tí baba rẹ̀ máa ń gbọ́ nígbà tí òun wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní yàrá kejì kò gbọ́ èdè náà, oorun ni ó sì ń wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, ó wà ní Kàdúná, ó wà ní Àbújá àti Pọtá. Íàpíìsì ni ó so ó mọ́ ilé. Bí ó bá ra mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta, tí àkọ́kọ́ dákẹ́ ní apá òsì, tí èkejì ń kùn bí oyin, tí ẹ̀kẹta ń ta á létí, kì í ṣe owó nìkan ni ó sọnù. Etí tí ó fi ń gbọ́ ilé náà ti wọ inú ewu.

Ohun tí ó yẹ kí irú olùrajà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé iye owó kì í sọ bí ohùn yóò ti rí. Ní ọdún 2017, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Jeroen Breebaart gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ àfetígbọ́ 283: àwọn tí à ń gbé borí àti àwọn tí à ń kì bọ etí. Ó fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè jáde wé iye tí wọ́n ń tà á. Kò rí ìbátan kan gúnmọ́ láàárín méjèèjì. Èyí kò wí pé gbogbo èyí tí kò wọ́n ni ó dára o. Ohun tí ó wí ni pé èyí tí ó dára wà láàárín àwọn tí kò wọ́n, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò ni yóò sì rí i mú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ti fi èyí hàn fún gbogbo ayé. Nígbà tí Moondrop gbé èyí tí ó pè ní Chu jáde ní ọdún 2022, nǹkan bí dọ́là 20 ni iye rẹ̀, àwọn tí ó ti ń ná owó ńlá lórí ohùn láti ọjọ́ pípẹ́ sì yìn ín.

Ẹni tí ó bá mọ ìlù yóò tètè mọ ohun tí ó wà nínú íàpíìsì. Awọ tín-ín-rín kan ni, tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ. Wọ́n lẹ wáyà tí a ká bí òrùka mọ́ ọn lẹ́yìn, òòfà sì wà nítòsí wáyà náà. Bí iná kékeré láti inú fóònù bá ti ń gba inú wáyà kọjá, òòfà yóò máa fà á, yóò sì máa tì í, awọ yóò sì máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà ni ohùn. Iye ìgbà tí ó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń pè ní Hz: bí ó bá kéré, ohùn wà nísàlẹ̀, bí ó bá pọ̀, ohùn ròkè. Páálí tí ó bá ń fọ́nnu pé awọ méjì tàbí mẹ́ta ni ó wà nínú íàpíìsì òun kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí pé onílù kan tí ó mọṣẹ́ sàn ju mẹ́ta tí wọn kò gbọ́ ara wọn lọ. Bákan náà ni "20 Hz sí 20,000 Hz" tí wọ́n ń kọ sára páálí gbogbo. Ìwọ̀n ohun tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ ni, kò sọ bóyá ohùn náà dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Nínú gbogbo ohun tí ó ń ba ohùn íàpíìsì jẹ́, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe é rárá. Rọ́bà kékeré tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ihò etí kò rí bákan náà lára ènìyàn méjì. Nígbà mìíràn, ti ọ̀tún àti ti òsì kò dọ́gba lára ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń kó rọ́bà oríṣi mẹ́ta sínú páálí: kékeré, alábọ́dé àti ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í tú ọ̀rá tí àwọn méjì yòókù wà nínú rẹ̀. Alábọ́dé tí wọ́n bá lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á ni wọn yóò lò títí tí yóò fi bàjẹ́. Bí rọ́bà bá kéré sí ihò etí, afẹ́fẹ́ yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bá a lọ. Ìlù yóò wá di bí ẹni ń lu páànù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, yóò sì lọ bá olùtajà jà lórí ohun tí rọ́bà inú ọ̀rá lè yanjú.

Bí a ti í mọ̀ pé rọ́bà dí etí dáadáa kò le. Kí ènìyàn fi ọwọ́ òsì fa etí ọ̀tún sókè àti sẹ́yìn díẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún ki íàpíìsì bọ̀ ọ́, kí ó sì fi etí sílẹ̀. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Kí ó wá sọ̀rọ̀. Bí ohùn ara rẹ̀ bá ń dún nínú orí rẹ̀ bí ti ẹni tí ó ki orí bọ ìkòkò, tí ariwo ọjà sì lọ sílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, rọ́bà náà dí. Bí ariwo ọjà bá wà bí ó ti wà, kí ó pààrọ̀ rọ́bà kí ó tó dá íàpíìsì lẹ́jọ́. Bí etí ọ̀tún bá gba ńlá tí òsì gba alábọ́dé, kò sí èèwọ̀ nínú kí a lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń tani létí kò báni mu, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Ẹni tí yóò fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ fún wákàtí mẹ́ta kò gbọdọ̀ ra ohun tí ń dùn ún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni orin kàn. Kí olùrajà má ṣe gbà kí olùtajà fi orin tirẹ̀ dán an wò, nítorí pé èyí tí ìlù ńlá kún inú rẹ̀ ni yóò yàn, ìlù ńlá sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu láàárín ariwo. Fóònù ti olùrajà ni kí ó lò, pẹ̀lú àwo tí ó ti mọ̀ láti ìgbà èwe, tí ó mọ ibi tí ìlù ti wọlé àti ibi tí àwọn elégbè ti gbè. Fún ọmọ Yorùbá, ó ṣòro láti rí ohun tí ó dára fún iṣẹ́ yìí ju àwo àpàlà lọ. Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní ọdún 1983, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀. Oroki Social Club tí ó ṣe ní ọdún 1971 nìkan tó láti fi mú íàpíìsì mẹ́wàá jẹ́wọ́.

Nísàlẹ̀ ni agídìgbo wà. Kí olùgbọ́ tẹ́tí sí i bóyá irin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ta dá dúró, tí ó ní orúkọ tirẹ̀, tàbí ṣe ni gbogbo wọn ń ṣe gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gún odó ní yàrá kejì. Bí ó bá jẹ́ gbì-gbì ni, wọ́n ti ki ohùn ìsàlẹ̀ jù. Lókè ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Nínú íàpíìsì tí ó dára, ènìyàn yóò gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń fò lára igbá. Nínú èyí tí kò dára, yóò di bí òjò lórí páànù, tàbí kí ó tilẹ̀ sọnù pátápátá. Ní àárín ni ohùn ènìyàn àti ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò bo ohùn àárín mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igi ńlá ti í bo kékeré. Olórin yóò dà bí ẹni tí ń kọrin lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìlù yóò máa dún, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wí kò ní yéni, ìlù tí kò sì yéni kò dẹ́kun jíjẹ́ ariwo.

Ohun mìíràn tún wà ní àárín yìí tí àwọn tí ń ṣe íàpíìsì ń jà mọ́. Ihò etí tí a kò fi nǹkan dí máa ń gbé ohùn tí ó wà ní nǹkan bíi 3,000 Hz ga fúnra rẹ̀, etí wa sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dáyé. Nígbà tí a bá ki nǹkan bọ̀ ọ́, ìrànlọ́wọ́ náà dàrú. Ẹni tí ó ṣe íàpíìsì ni ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí kò bá dá a padà tó, ohùn a di bí ti ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí ó bá sì dá a padà jù, ohùn a máa gún etí bí abẹ́rẹ́. Àyẹ̀wò tí ó rọrùn fún èyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kí olùrajà gbọ́ ẹni tí ń ka ìròyìn ní èdè Yorùbá, kí ó sì ṣọ́ ọ bóyá òun mọ ìyàtọ̀ "sá" àti "ṣá" láìronú, àti bóyá "s" náà kò máa súfèé sí òun létí. Ọ̀rọ̀ ohùn, irú èyí tí ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, kò sábà sọnù nínú íàpíìsì bí ó ti wù kí ó burú tó. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n ń pa.

Ìpè fóònù kò dára fún àyẹ̀wò yìí. Ìlànà fóònù àtijọ́ kì í gbé ju ohùn tí ó wà láàárín 300 Hz àti 3,400 Hz lọ, ọ̀pọ̀ "s" sì ti kú sójú ọ̀nà kí ó tó dé inú wáyà. Ẹni tí ó bá fi ìpè dá íàpíìsì lẹ́jọ́ ń fi ẹ̀ṣẹ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì jẹ aláìṣẹ̀ níyà.

Bí wọ́n bá fi méjì wé ara wọn, kí ohùn méjèèjì dọ́gba ní agbára. Èyí tí ó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí yóò sọ pé ó dùn jù, bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùtajà mọ èyí ju àwọn onímọ̀ lọ. Kí ènìyàn sì wo ọ̀tún àti òsì. Àwọn àwo àtijọ́ tí wọ́n gbà sórí ìlà kan ṣoṣo wúlò níhìn-ín: ohùn olórin gbọ́dọ̀ dúró sí àárín orí gan-an. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí rọ́bà méjèèjì dí dáadáa, apá kan lágbára ju èkejì lọ. Bí kò bá sì sí níbì kan pàtó, tí ó ń fò káàkiri bí ẹ̀mí, tí ohùn ìsàlẹ̀ sì ti pòórá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jó wáyà apá kan sódì nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tí awọ kan fi ń lọ síwájú nígbà tí èkejì ń bọ̀ sẹ́yìn. Irú rẹ̀ kò ní àtúnṣe lọ́wọ́ olùrajà. Kí ó dá a padà fún olùtajà.

Ní ti bí wọ́n ti ṣe é, ojú àti ọwọ́ ni yóò ṣiṣẹ́. Íàpíìsì kì í sábà kú láti inú awọ, wáyà ni í pa á, ibi mẹ́ta ni wáyà sì ti sábà ń já: ẹ̀yìn irin tí à ń kì bọ fóònù, ibi tí wáyà ti pín sí méjì, àti ibi tí ó ti wọ inú ìkarahun. Kí olùrajà wo àwọn ibi mẹ́ta yìí bóyá rọ́bà tí ó rọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò jẹ́ kí wáyà tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ike líle ni wáyà ti yọ jáde lójijì, oṣù díẹ̀ ni. Kí ó ki irin náà bọ fóònù, kí orin máa lọ, kí ó sì yí i jẹ́jẹ́. Bí ohùn bá ń ṣẹ́ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, kí ó fi í sílẹ̀. Kí ó fi ọwọ́ tọ ojú ibi tí ìkarahun méjì ti pàdé; bí èékánná bá há sí i, òógùn yóò wọlé. Kí ó wò ó bóyá asẹ́ tín-ín-rín wà lẹ́nu rẹ̀ tí yóò dá ìdọ̀tí etí dúró. Irin lára ìkarahun kò fi kún ohùn dandan, ó kàn ń fi kún ìwúwo.

Èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ dára ju èyí tí wọ́n lẹ̀ pa lọ, bí owó bá tó o, nítorí pé wáyà nìkan ni ènìyàn yóò tún rà bí ó bá já. Ní ti èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, àwọn tí ń tún rédíò ṣe lè gé ibi tí ó já, kí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó irin tuntun mọ́ ọn; ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná jó ọ̀dà tí ó wà lára wáyà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń jù sí ààtàn ni irú iṣẹ́ yìí ì bá gbà là.

Fóònù mìíràn kò tilẹ̀ ní ihò íàpíìsì mọ́. Apple yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Kí ènìyàn wo ẹnu fóònù rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Èyí tí kò ní wáyà rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n bátìrì kékeré ni ó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bátìrì sì ń darúgbó, bóyá ènìyàn lò ó tàbí kò lò ó. Nínú èyí tí kò wọ́n, bátìrì yìí ni ó sábà ń kọ́kọ́ kú, kò sì sí ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí iná mànàmáná kò dé ilé rẹ̀ déédéé, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Gbogbo ọ̀rọ̀ rọ́bà tí ó ti kọjá lókè yìí tún padà wá síbi ewu. Nígbà tí íàpíìsì kò bá dí etí, jẹnẹrétọ̀ yóò máa bá orin wọlé, olùgbọ́ yóò sì máa gbé ohùn sókè kí orin lè borí jẹnẹrétọ̀. Ariwo méjì ni ó ń gbọ́ nígbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé dẹ̀síbẹ̀lì 80 ni àgbàlagbà lè máa gbọ́ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìfarapa. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ ju 75 lọ. Bí ohùn bá fi 3 péré lé, wákàtí yóò dín sí ìdajì: 83 di wákàtí 20, 86 di wákàtí 10. Nígbà tí ó bá fi dé 90, wákàtí 4 ni ó kù fún odidi ọ̀sẹ̀, èyí tí télọ̀ yóò lò tán kí ó tó jẹun ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ní ọdún 2022, àjọ yìí kan náà sọ pé ènìyàn tí ó ju 1,000,000,000 lọ, láàárín ọmọ ọdún 12 sí 35, ni ó wà nínú ewu dídi adití nípasẹ̀ irú ariwo báyìí.

Irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó wà lára àwọn ohun kékeré tí ń gbóhùn nínú etí, nǹkan bíi 15,000 irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá kú lára ọmọ ènìyàn kì í tún hù. Ohùn òkè ni ó kọ́kọ́ ń lọ: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, "s", ohùn ọmọ kékeré. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí kì í tètè mọ̀. Yóò kàn máa sọ pé àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ ketekete mọ́. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí a yọ íàpíìsì, ohùn náà ti pọ̀ jù. Ìmọ̀ràn àjọ náà ni pé kí ohùn má ṣe kọjá ìdá 60 nínú ìdá 100 agbára fóònù. Ẹni tí rọ́bà bá dí etí rẹ̀ dáadáa kò ní fẹ́ kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó yọ ọ́ bí ó bá fẹ́ sọdá títì, nítorí pé kò ní gbọ́ hóònù ọkọ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí etí olùrajà kò lè dájọ́ rẹ̀, ìyẹn ni maikirofóònù tí ó wà lára wáyà. Ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún ni ó ń gbọ́ ọ. Kí télọ̀ náà pe ilé láti ìsọ̀ kí ó tó sanwó, kí ó kí màmá rẹ̀ bí ó ti í kí i lójoojúmọ́, kí ó má sì sọ pé òun ń dán nǹkan wò. Bí màmá bá dáhùn pé, "Ọkọ mi, ṣé inú kòtò lo wà ni?" kí ó kó o padà sínú páálí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣe ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá ó ti jẹun, àti ọjọ́ wo ni ó ń bọ̀ wálé, láìní kí ó tún ọ̀rọ̀ kan sọ, kí ó sanwó.